Ta Ló Kọjá Pèrègún?

Lóko bàbá mi àgbà, pèrègún ni ààlà. Kò sí ọgbà, kò sí wáyà; pèrègún lásán ni wọ́n gbìn tẹ̀léra tẹ̀léra láti ìdí ìrókò kan títí dé etí odò. Ẹni tó bá ń roko bọ̀ tó bá kan pèrègún, á yí ọkọ́ rẹ̀ padà. Wọn kì í tà á níbẹ̀, wọn kì í sì í fi ṣe ohunkóhun ju pé kó dúró síbi tí wọ́n gbìn ín sí. Ìyẹn gan-an ni agbára rẹ̀. Bí ẹ bá dé ibẹ̀ tí ẹ bá a ní gígé tàbí ní fífàtu, kò sí àlàyé mìíràn: ẹnì kan ti kọjá ibi tó yẹ kó dúró sí.

Àwa nìkan kọ́ là ń dáko lórí ilẹ̀ náà. Àwọn kan wá láti ìlú mìíràn, wọ́n gba ilẹ̀, wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀. Baálé ló ń pín in fún wọn, láti ibí dé ibí. Bí ẹnì kan bá ń padà sílùú rẹ̀, á yọ̀ǹda ilẹ̀, baálé á sì fi fún ẹlòmíràn. Ìjà tí mo rántí pé wọ́n máa ń gbé wá síwájú bàbá mi àgbà kò ju oríṣi méjì lọ. Ẹnì kan gbin ẹ̀gẹ́ kọjá ààlà rẹ̀ wọ inú oko aládùúgbò. Tàbí kí ẹni tó ti yọ̀ǹda ilẹ̀ lésìí tún yọ́ padà wá, kó máa kọ ebè lórí ilẹ̀ tó ti di ti ẹlòmíràn, torí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Ìjà méjèèjì yìí náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, àwọn tó sì ń parí rẹ̀ níbẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ tó wù mí púpọ̀.

Bí fóònù yín bá jẹ́ Android, ohun tó ń darí rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ni Linux, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ní Helsinki, ní orílẹ̀-èdè Finland, lọ́dún 1991. Kernel ni wọ́n ń pe irú ètò bẹ́ẹ̀, ìyẹn èkùrọ́. Ibi tí èèyàn ti ń tẹ àṣẹ sí i láti ìta, wọ́n ń pe ìyẹn ní shell, ìyẹn èèpo. Ẹni tó bá ti jókòó pa èkùrọ́ rí mọ ìdí tí wọ́n fi sọ wọ́n lórúkọ bẹ́ẹ̀: ohun tó ṣe pàtàkì wà nínú, ìta ni ọwọ́ ń bà. Kernel yìí ni baálé. WhatsApp fẹ́ ilẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń wá. Kámẹ́rà fẹ́ ilẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń wá. Àwọn ọmọ ilé kernel fúnra wọn, èyí tó ń bójú tó Wi-Fi, èyí tó ń bójú tó fáìlì, èyí tó ń bójú tó iná ojú fóònù, gbogbo wọn ló ń gba ilẹ̀ lórí pápá kan náà.

Pápá ọ̀hún ni mẹ́mọ́rì. Fóònù tó ní gigabyte 4 ní báìtì 4,294,967,296, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ní nọ́ńbà tirẹ̀ bí ojúlé. Bí ọmọ ilé kan bá ní òun fẹ́ báìtì 64, apínlẹ̀ baálé á wá ibi tó ṣófo, á sì fún un ní nọ́ńbà kan ṣoṣo: ibi tí tìrẹ ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Kò ní mọ odi fún un. Èdè C, tí wọ́n fi kọ èyí tó pọ̀ jù nínú Linux, kò mọ odi. Láti 0 ni wọ́n sì ti ń ka ojúlé, nítorí náà báìtì 64 parí sí ojúlé 63. Ẹni tó bá kọ nǹkan sí ojúlé 64, inú oko aládùúgbò ló kọ ọ́ sí. Àṣìṣe ẹyọ kan péré ni, irú èyí tí ẹni tó ń ka ebè máa ń ṣe nígbà tó bá ti rẹ̀ ẹ́.

Bí ètò kékeré bíi kámẹ́rà bá fẹ́ jáde kúrò lórí ilẹ̀ tí wọ́n fún un, kernel á dá a dúró. Ẹ ó rí i pé ó ti ṣíwọ́ iṣẹ́, ẹ ó sì tún un ṣí. Ṣùgbọ́n bí ará ilé baálé bá ni ó ṣẹ̀, ta ni yóò mú un? Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ CrowdStrike, tó ń ṣe ètò ààbò, fi àtúnṣe kan ránṣẹ́ sí àwọn kọ̀ǹpútà Windows kárí ayé. Apá kan ètò náà ń gbé inú kernel. Nǹkan 20 ló wà níwájú rẹ̀. Ìlànà tuntun ní kó wo ìkọkànlélógún. Ó na ọwọ́ síbi tí kì í ṣe tirẹ̀. Kò kọ nǹkan kan síbẹ̀ o, ó kàn fẹ́ wo ohun tó wà níbẹ̀ ni. Microsoft ṣírò rẹ̀ pé kọ̀ǹpútà bíi mílíọ̀nù 8.5 ló dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ọkọ̀ òfurufú kò gbéra, ilé ìwòsàn sún iṣẹ́ abẹ síwájú.

Lójú ẹni tó ń wá àṣìṣe, èyí gan-an ṣì sàn, torí pé ibi tó ti ṣẹ̀ náà ló ṣubú sí. Èyí tó ń gba oorun lójú ẹni ni èyí tí kì í pariwo.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọmọ ilé tó ń bójú tó Wi-Fi kọ báìtì kan kọjá ààlà. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó parí iṣẹ́ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ilẹ̀ tó wọ̀ yẹn, ti ọmọ ilé tó ń tọ́jú fáìlì ni. Lẹ́yìn wákàtí méjì, onífáìlì wá wo àkọsílẹ̀ rẹ̀, ó bá nọ́ńbà tó ti yí padà, ó gbà pé òótọ́ ni, ó tẹ̀lé e, ó já sí kòtò. Gbogbo ẹ̀rọ dúró. Kernel á kọ ìwé kan sílẹ̀ kó tó dákẹ́, orúkọ tí ẹ ó sì bá nínú ìwé náà ni orúkọ onífáìlì. Oníṣu ni wọ́n mú, olè ti délé. Ẹni tó ń tún kernel ṣe lè fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ka iṣẹ́ onífáìlì láti òkè dé ìsàlẹ̀, kó má rí àbùkù kankan, torí pé kò sí àbùkù níbẹ̀. Nígbà tó bá sú u, á fi ìlà kan sínú iṣẹ́ náà pé kó máa sọ ohun tó ń ṣe fún òun bó ṣe ń ṣe é. Ìlà yẹn nìkan á yí bí wọ́n ṣe pín ilẹ̀ padà. Báìtì tó kọjá ààlà á wá bọ́ sórí ilẹ̀ tí kò sẹ́ni tó ń dá, gbogbo nǹkan á sì máa lọ geere. Ó yọ ìlà náà, àìsàn padà dé.

Ohun tí wọ́n ṣe sí i kò yàtọ̀ sí ohun tí àwọn baba wa ṣe. Lọ́dún 1994, Jeff Bonwick ní ilé-iṣẹ́ Sun Microsystems ṣàlàyé ọ̀nà tuntun tí kernel Solaris ń gbà pín mẹ́mọ́rì: kí wọ́n ti gé pápá sí abala tó dọ́gba, abala kékeré lọ́tọ̀, abala ńlá lọ́tọ̀, kí ẹni tó fẹ́ abala má bàa dúró pẹ́. Ó tún fi kún un pé wọ́n lè fi àmì sí ilẹ̀ tó ṣófo àti sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ tó wà lọ́wọ́ ẹnì kan, kí wọ́n lè mọ̀ bí ẹsẹ̀ bá dé ibẹ̀. Linux gba ọgbọ́n yìí, ó sì ń lò ó títí di òní.

Àmì méjì méjì ni àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ yìí fi ń kọ báìtì, láti 00 dé ff. Nínú Linux, bí ẹ bá ní kí apínlẹ̀ gbin pèrègún, á fi cc sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ tó wà lọ́wọ́ ẹnì kan. Nígbà tí onítọ̀hún bá dá ilẹ̀ padà, cc á di bb. Ilẹ̀ tó ṣófo fúnra rẹ̀ kì í ṣófo lásán: 6b ni wọ́n ń gbìn sí i láti orí dé ìdí, a5 sì ni báìtì tó gbẹ̀yìn. 6b yìí ni lẹ́tà k. Bí ẹ bá tẹ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ jáde sójú ìwé, ẹ ó rí kkkkkkkk tó tò lọ bí ebè. Ẹnikẹ́ni tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ pẹ́ tó bá rí k mẹ́rin tó tẹ̀léra níbi tó yẹ kí àdírẹ́sì, ìyẹn nọ́ńbà ojúlé, wà, kò ní ka ìyókù kó tó mọ̀ pé ẹnì kan ti padà sórí ilẹ̀ tó ti yọ̀ǹda.

Ipa ẹsẹ̀ náà sì máa ń sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tó ṣeé kà ni ẹ rí láàárín àwọn 6b, ẹ wá ẹni tó ń tọ́jú orúkọ tàbí ìwé. Bó bá jẹ́ àdírẹ́sì, ẹ lọ wo ohun tó ń gbé ní àdírẹ́sì yẹn. Èyí tó dùn mọ́ mi jù láti rò ni 6a. Ẹ wò ó: 6b, 6b, 6b, lẹ́yìn náà 6a kan ṣoṣo. Ohun méjì ló lè fà á. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun tí kernel ń lò ló ní òǹkà iye àwọn tó ń lò ó. Ẹni tó bá parí tirẹ̀ á yọ 1 kúrò. Bí ẹnì kan bá gbàgbé pé òun ti dá ilẹ̀ padà, tó wá yọ 1 lẹ́ẹ̀kan sí i, kò sí òǹkà níbẹ̀ mọ́, 6b ló wà níbẹ̀. Yọ 1 nínú 6b, 6a ló kù. Ohun kejì ni pé kó má sí ẹlẹ́ṣẹ̀ kankan nínú gbogbo ètò náà, kó jẹ́ pé ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń ṣàìsàn. Báìtì kan jẹ́ bíìtì 8, ohun tó sì ya 6b sọ́tọ̀ sí 6a kò ju bíìtì kan ṣoṣo lọ, èyí tó wà ní ìgbẹ̀yìn. Bí RAM, tí í ṣe ilẹ̀ yìí gan-an, bá ti gbó, bíìtì kan lè ṣubú láì jẹ́ pé ẹnì kan tì í.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àlá ni. Ní ìdìbò ọdún 2003 ní Schaerbeek, lórílẹ̀-èdè Belgium, ẹ̀rọ kan ka ìbò 4,096 lé ti olùdíje kan lórí. Wọ́n mọ̀ torí pé iye náà ju ìbò tó lè ní lọ. Wọ́n yẹ ètò rẹ̀ wò, wọn kò rí àṣìṣe; wọ́n gbà pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé bíìtì kan ṣoṣo ló yí padà fúnra rẹ̀ nínú mẹ́mọ́rì. Bíìtì kẹtàlá, bí ẹ bá ń kà á láti 1, iye rẹ̀ jẹ́ 4,096 géérégé. Apínlẹ̀ Linux àtijọ́, èyí tí wọ́n yọ kúrò lọ́dún 2024, mọ̀ nípa èyí: bó bá rí i pé bíìtì kan péré ló yàtọ̀ nínú ilẹ̀ tó kún fún 6b, ó máa ń tẹ̀ ẹ́ jáde nígbà ayé rẹ̀ pé ó jọ pé RAM ló bàjẹ́, ẹ lọ fi ètò ayẹ̀wò bíi memtest86+ yẹ̀ ẹ́ wò. Mo fẹ́ràn inú rere tó wà nínú ìlà yẹn. Ẹni tó kọ ọ́ ti mọ ohun tí ojú ń rí.

Báwo la ṣe wá ń mọ èwo nínú méjèèjì? Sùúrù ni. Bí 6a bá ń yọ síbì kan náà nínú abala nígbà gbogbo, lórí ẹ̀rọ púpọ̀, àwa èèyàn ló ṣẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ kan ṣoṣo, tó ń yọ níhìn-ín lónìí, tó ń yọ lọ́hùn-ún lọ́la, ẹ tú RAM.

Ṣùgbọ́n pèrègún ní àléébù kan. Kì í kígbe. Ó dìgbà tí apínlẹ̀ bá tún kọjá níbẹ̀ kó tó rí i pé wọ́n ti gé e, nígbà yẹn ẹni tó gé e ti lọ tipẹ́. Fún ìdí èyí ni Andrey Ryabinin ṣe mú KASAN wọ inú Linux, tó dé pẹ̀lú Linux 4.0 lọ́dún 2015. KASAN fún mẹ́mọ́rì ní òjìji. Báìtì 8 ilẹ̀, báìtì 1 òjìji. Bí òjìji bá jẹ́ 0, gbogbo báìtì 8 ló ṣeé tẹ̀. Bó bá jẹ́ 4, mẹ́rin àkọ́kọ́ nìkan ló ṣeé tẹ̀. Bó bá wà nísàlẹ̀ 0, ẹ má tilẹ̀ gbé ẹsẹ̀ síbẹ̀. Ìwúlò rẹ̀ hàn síbi tí pèrègún kò ti lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá béèrè báìtì 60, abala 64 ni wọn yóò fún un, torí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gé wọn. Mẹ́rin tó kù jẹ́ ilẹ̀ ẹ̀bùn tí kò ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù, àṣìṣe lè sùn níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀. KASAN á kọ 0 méje àti 4 kan sínú òjìji. Ẹni tó bá tẹ báìtì kọkànlélọ́gọ́ta, ọwọ́ bà á lójú ẹsẹ̀, kí ẹsẹ̀ tó kúrò nílẹ̀.

Ẹ̀rí mẹ́ta ló sì máa ń kó sínú ìwé tó bá kọ: ọ̀nà tí ẹni tó wọlé gbà dé ibẹ̀, ọ̀nà tí ẹni tó kọ́kọ́ gba ilẹ̀ gbà, àti, bí wọ́n bá ti dá ilẹ̀ padà, ọ̀nà tí ẹni tó dá a padà gbà. Ẹni tó ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wá olè nílé oníṣu yóò mọ ohun tí ìwé bẹ́ẹ̀ tó sí i.

Ó ń gbówó lórí, ká sọ òtítọ́. Òjìji jẹ ìdá kan nínú mẹ́jọ mẹ́mọ́rì, ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń yẹ̀ wò, nítorí náà ibi ìdánwò ló ń gbé. Fún ẹ̀rọ tó wà lójú ọ̀nà iṣẹ́, KFENCE dé lọ́dún 2021: ó ní abala 255 péré, lẹ́ẹ̀kan láàárín milisẹ́kọ́ǹdù 100 ni á mú ẹnì kan tó wá gba ilẹ̀, á fi sórí ọ̀kan nínú wọn, tí kòtò wà lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀. Ẹ̀rọ Arm tuntun ní tirẹ̀ tún ń lo ohun tí ẹ lè pè ní aṣọ ẹbí. Báìtì 16 kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ kan nínú àwọ̀ 16, àdírẹ́sì tí wọ́n fún yín náà wọ àwọ̀ yẹn. Bí ẹ bá dá ilẹ̀ padà, wọ́n á pààrọ̀ àwọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá wọ aṣọ ẹbí èṣí wá sóde, ẹnu ọ̀nà ni wọn yóò ti dá a padà, àfi bí àwọ̀ méjèèjì bá ṣèèṣì bára mu.

Ní báyìí, gbogbo ẹ̀ṣọ́ wọ̀nyí, ta ló ń yẹ̀ wọ́n wò? Ohun tó mú mi kọ ìwé yìí nìyẹn. Bí ẹ̀ṣọ́ bá fọ́jú, á máa ròyìn lójoojúmọ́ pé àlàáfíà ni. Bí olè kò bá sì dé oko, ẹ̀ṣọ́ tó ríran náà á máa ròyìn pé àlàáfíà ni. Ẹ kò lè fi etí mọ ìyàtọ̀ méjèèjì. Ọ̀nà kan ló wà: kí ẹ rán ọmọ tiyín lọ jalè níbẹ̀, lójú yín, kí ẹ sì wo ohun tí ẹ̀ṣọ́ máa sọ.

KUnit, ètò ìdánwò tó wà nínú Linux láti ọdún 2020, ni wọ́n lò. Lọ́dún 2021 wọ́n fi àwọn ìdánwò kan kún un fún apínlẹ̀ tó ń jẹ́ SLUB. Ìdánwò kọ̀ọ̀kan á gba pápá tirẹ̀ tó ní orúkọ tirẹ̀, abala báìtì 64, kó má bàa ṣe oko ẹnikẹ́ni léṣe. Lẹ́yìn náà ó ṣẹ̀. Ọ̀kan kọ 12 sí ojúlé 64, ìgbésẹ̀ kan péré kọjá ààlà. Ọ̀kan dá ilẹ̀ padà, ó tún padà lọ tẹ ojúlé àkọ́kọ́. Ọ̀kan dá ilẹ̀ padà, ó lọ fi 9a sí ojúlé 50, láàárín gbùngbùn àwọn 6b. Wọ́n á wá pe ẹ̀ṣọ́, wọ́n á ka iye ẹ̀sùn tó fi kàn. Kì í ṣe pé kó ṣáà pariwo. Iye ariwo rẹ̀ gbọ́dọ̀ pé: bó bá dín, ó fọ́jú, bó bá lé, ó ń purọ́ mọ́ ẹni.

Èyí tó le jù nínú wọn kan ìwé apínlẹ̀ fúnra rẹ̀. Apínlẹ̀ kò ní tákàdá lọ́tọ̀ tó ń kọ orúkọ ilẹ̀ tó ṣófo sí. Inú ilẹ̀ tó ṣófo náà ló ń kọ ọ́ sí: abala yìí tọ́ka sí èyí tó kàn, ìyẹn tọ́ka sí èyí tó tún kàn, bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn. Bí ẹni tó ti dá ilẹ̀ padà bá tẹ ibi tí okùn yẹn gbà kọjá, apínlẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ṣìnà. Àwọn ọ̀daràn tó fẹ́ gba kernel mọ ibẹ̀ dáadáa, torí ẹni tó bá yí okùn yẹn sí ibi tó fẹ́ lè mú kí baálé fún un ní ilẹ̀ tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbà.

Ìdánwò náà gba abala kan, ó dá a padà. Ó da nọ́ńbà okùn kọ sí ibì kan kó má bàa gbàgbé. Ó wá mú báìtì kan lára okùn náà, ó yí gbogbo bíìtì rẹ̀ padà, ó já okùn. Ó pe ẹ̀ṣọ́. Ẹ̀sùn 3 ló ń retí: okùn já, iye abala tó wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn kò bá ìwé mu mọ́, ẹ̀ṣọ́ sì kéde pé òun ti tún nǹkan ṣe. Ó mú nọ́ńbà tó fi pamọ́, ó so okùn padà bó ṣe wà. Ó tún pe ẹ̀ṣọ́. Ẹ̀sùn 2: okùn ti dára, ṣùgbọ́n àtúnṣe ìṣáájú ti ba iye jẹ́, ẹ̀ṣọ́ sì tún tún un ṣe. Ó pè é lẹ́ẹ̀kẹta. 0. Ó kó pèrègún rẹ̀, ó dá pápá padà fún baálé, ó jáde.